Àtàǹpàkò Mi Ló Ń Dáhùn

Ìwé kíkà niṣẹ́ mi. Àwọn ọ́fíìsì kan ní Lomé a máa fi ìròyìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi, èmi a sì jókòó sílé ní Atakpamé, nínú yàrá tó kọjú sí òkè, màá máa tún Faransé wọn ṣe. Ẹ bi mí léèrè ibi tó yẹ kí kọ́mà wà, mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ń tì mí lójú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ látilé, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀gá, kò sí pé mò ń gun sẹ́mijàn, alùpùpù akérò, láàárọ̀ kí eruku pupa máa kun bàtà mi. Àṣé ọ̀gá mìíràn ti wà nílé, pẹlẹbẹ báyìí, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tí mo bá tún ojú ìwé kan ṣe tán, màá ní kí n yọjú sí fóònù fún ìṣẹ́jú kan péré. Ìṣẹ́jú kan kẹ̀! Kí n tó gbórí sókè, ẹ̀wà ti jóná. Mo mọ ẹni tó ń kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abidjan. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbin tòmátì sínú àpò ìrẹsì. Mi ò ní àpò ìrẹsì nílé, mi ò sì fẹ́ gbin tòmátì.

Èyí tó burú jù ni pé n kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ dénú mọ́. Ojú mi a fò láti ìlà àkọ́kọ́ sí ti ìkẹyìn bí ewúrẹ́ tó ń fo ọgbà, ọwọ́ mi a sì tẹ àwòrán àtàǹpàkò kékeré tó nà sókè yẹn: ó dáa, mo ti rí i. Ìkíni ọjọ́ ìbí, àtàǹpàkò. Ìpàdé ìdílé, àtàǹpàkò. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa kéde pé bàbá òun kú, mo fún un ní àtàǹpàkò. Ó ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà kejì ló ń gbà.

Ìyá mi ńkọ́? Ẹ̀bá Elavagnon lọ́hùn-ún ló ń gbé. Kò mọ̀wé, nítorí náà ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sínú fóònù ránṣẹ́ sí mi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fókáàlì níbí. Fókáàlì ìyá mi kì í ṣe kékeré o. Á kí mi, á kí ilé, á kí iṣẹ́, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á bá adìẹ kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jà, kó tó débi ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ráyè fún tòmátì ẹni ẹlẹ́ni, mi ò ráyè fún adìẹ ìyá mi. Màá gbọ́ ìkíni, màá tẹ àtàǹpàkò.

Ọjọ́ Ajé kan, fókáàlì rẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ ọ dé ibi adìẹ, mo tẹ àtàǹpàkò. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òmíràn tún wọlé. Mo gbọ́ “Ọmọ mi, kú iṣẹ́ o,” mo tún tẹ àtàǹpàkò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, fóònù dún. Nọ́ńbà ìyá mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn rẹ̀.

“Ṣé ìwọ lọmọ ìyá tó jókòó sọ́dọ̀ mi yìí? Kókò, ẹ̀kọ mímu yẹn, ni mo ń tà ní ibùdókọ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà níbí. Mo ní kí sẹ́mijàn gbé wọn wá bá ọ, wọ́n ní rárá, ọmọ àwọn ti ní òun ń bọ̀.”

Mo gbé! Ẹ̀yìn sẹ́mijàn ni mo wà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fetí sí fókáàlì ọjọ́ Ajé dé òpin. Lẹ́yìn adìẹ, ohun tí ìyá mi sọ nìyí: “Ojú mi ń ṣú sí i. Dókítà ojú máa wà ní ilé ìwòsàn yín ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní àárọ̀ nìkan ló ń rí èèyàn. Wá pàdé mi ní ibùdókọ̀, mi ò lè dá títì kọjá mọ́. Tí o bá ń bọ̀, jẹ́ kí n mọ̀.” Mo sì jẹ́ kó mọ̀! Èyí tó dé láàárọ̀ ní: “Mo ti dé o, ọ̀dọ̀ oníkókò ni mo wà.” Mo dá ìyẹn náà lóhùn. Ẹ sì má rẹ́rìn-ín: ohun tó wà lójú fóònù mi nígbà tí oníkókò pè ni ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń tọ́jú òbí tó ń dàgbà. Mo ti ka ìlà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá mi gbé àpò gàrí lé ẹsẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ mi ló yíjú sí, kì í ṣe ojú mi. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Dókítà ti lọ, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà wá.

“Mo rò pé ìka tó nà sókè yẹn, ‘mò ń bọ̀’ ló ń jẹ́,” ó ní.

“Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mi ò gbọ́ ọ dópin ni.”

“Ìwọ tó jẹ́ pé kíkà niṣẹ́ rẹ, èmi nìkan ni o ò kà sí.”

Oníkókò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín.

Láti ọjọ́ náà, inú agolo gàrí tó ṣófo, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ni fóònù mi ń gbé tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá sì gbé e, ohun kan ṣoṣo ni màá kà, màá kà á tán tàbí kí n fi í sílẹ̀. Mi ò ní parọ́, tòmátì ṣì ń pè mí. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń gbọ́ fókáàlì ìyá mi, tòun ti adìẹ. Adìẹ náà ti ń sàba báyìí, ẹyin mẹ́sàn-án.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ní Ọjọ́rú, èmi náà rán fókáàlì gígùn sí i: ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀, ibi tí màá dúró sí, kó má gbàgbé ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀. Èsì dé. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo.

Háà! Ta ló kọ́ ìyá mi? Mo tẹjú mọ́ ọn títí. Ṣé ó gbọ́ ọ ni, àbí ó ṣe é bí èmi ṣe ń ṣe é? Ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, oníkókò kò tíì dáná tí mo fi dé ibùdókọ̀.

Inú ọkọ̀ tí mo sọ gan-an ni ìyá mi ti bọ́ sílẹ̀, ó di ìwé rẹ̀ mú lọ́wọ́. Mo di apá rẹ̀ mú.

“Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ fókáàlì mi dópin?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. O wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀. Kí lo ti lò sí i?”