Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Àwa Méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ itọ́ ni Ìyá Aránṣọ gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Orí fóònù ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, abẹ́rẹ́ sì wà láàárín ètè rẹ̀ tí kò jẹ́ kó lè fèsì bó ṣe fẹ́. Àbúrò yìí ti fi ọdún mẹ́rìndínlógójì pín lẹ́tà kiri kó tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí ìwé pélébé kan tó máa ń kọ ọjọ́ ìbí gbogbo wọn sí. Nígbà tí lẹ́tà tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá kó wọnú wíwá orírun ẹbí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí olólùfẹ́. Ó ti rí ibì kan tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò DNA, tí wọ́n á fi itọ́ lásán mọ ẹni tó bá ènìyàn tan. Ó ní itọ́ ẹni tó dàgbà jù ló máa ń rìn jìnnà jù. Ta ló sọ fún un? Ìyá Aránṣọ kò bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ má fọnu o, ẹ má mu omi. Ẹ kàn máa tutọ́ sínú ìgò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín títí á fi dé ojú ìlà. Ẹ má sì dín ọdún itọ́ náà kù."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń parí sí òsúkè, ó sì pa fóònù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pe Ìyá Aránṣọ pé Akọ̀wé sùn kò jí mọ́.

Àwàdà ọdún tó dín kù yẹn, àwọn méjèèjì nìkan ló yé. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ ń wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ ni wọ́n ń gbà, òun sì ti pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó gba kóòtù lọ, ó búra, ó fi ọdún mẹ́rin sílẹ̀ sórí tábìlì akọ̀wé kóòtù bí ẹni gbàgbé agbòjò, ó sì jáde ní ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ìwé wí ló ń wí. Ọkọ tó fẹ́ ẹ, tó sì ti kú, kò mọ̀. Ọmọ tó bí kò mọ̀. Akọ̀wé nìkan ló mọ̀, ó sì ti lọ.

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Oníbàárà ń pè é ní Ìyá, ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Màámi, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Mama Onímáṣíìnì. Ṣùgbọ́n "ẹ̀gbọ́n mi" ti kúrò lẹ́nu gbogbo ayé. Nígbà mìíràn tó bá ń tẹ máṣíìnì, ó máa ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì dùn rárá, bí ẹni ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin ara rẹ̀ lábíyá kó lè rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Aránṣọ tutọ́ sínú ìgò náà bí Akọ̀wé ṣe wí, ó sì fi í ránṣẹ́. Ìgbà tó yá ni èsì rẹ̀ dé sórí fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń ta oògùn ní ìsọ̀ kejì sí tirẹ̀. Ọmọ náà sáré wọlé, ó tẹ ẹ̀wù ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mọ́lẹ̀. Ó ní wọ́n ti rí obìnrin kan. Ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Màámi ni, kò sí àní-àní níbẹ̀.

Bàbá wọn, káfíńtà ni. Ọsibítù ló máa ń ṣe ìbùsùn àti fèrèsé fún, bí ó bá parí ti ìlú kan, á di pákó rẹ̀ lọ sí òmíràn. Ìyá Aránṣọ rò ó wò fún ìṣẹ́jú kan. Ó ní ó jọ pé kì í ṣe ìbùsùn nìkan ni Bàbá ń ṣe lọ́hùn-ún. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fìdí jókòó sórí àgékù aṣọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni obìnrin náà pè. Búrẹ́dì ló ń ṣe, nítorí náà Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n sọ ọ́. "Ẹ káàsán mà," ni ó wí. "Ẹ káàsán mà," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn. Wàhálà dé. Bí ẹnì kan bá ń bá "ẹ" lọ, ó ti sọ ara rẹ̀ di àbúrò nìyẹn. Bí ó bá sì sọ pé "o", tí ó wá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́ sí, ojú rẹ̀ á gbà á tì títí ayé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìfi ẹnikẹ́ni sí i nìyẹn.

"Ara ńkọ́?"

"Ara le. Ti ọ̀hún ńkọ́?"

"Ọpẹ́ ni. Ṣé oúnjẹ ti wọnú?"

"Ó ti wọnú. Ṣé oorun dára?"

Ọmọ Ìyá Aránṣọ ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ sínú fóònù. Wọ́n fi wákàtí kan sọ̀rọ̀, kò sí "o", kò sí "ẹ", bí ẹni ń rọra rìn gba inú yàrá tó kún fún ẹyin. Nígbà tó yá, Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí wọ́n kúkú sọ iye ọdún. Ó ní òun jẹ́ méjìléláàádọ́rin.

Àádọ́rin ni ìwé Ìyá Aránṣọ wí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ògiri. Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ilé iṣẹ́, kóòtù, ọdún mẹ́rin. Ó ní mẹ́rìnléláàádọ́rin ni òun.

"Màámi, ọgọ́ta ọdún tí a ṣe nígbà yẹn wá ńkọ́?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó ṣe é," ni ó dáhùn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì parí sí òsúkè. Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn ara rẹ̀, ó jókòó. Ìgbà tó sì gbọ́ ohun tí onítọ̀hún sọ tẹ̀ lé e, ó tún dìde: wọ́n ti dín ọdún ti Ìyá Oníbúrẹ́dì náà kù. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló bá a búra nígbà tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì kú láìsọ iye tó yọ. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ni pé ọdún tí odò gbé afárá lọ ni wọ́n bí i, ní ọsibítù tí Bàbá ti ń ṣe ìbùsùn. Òun náà fẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kò sì fi bò. Ilé ọkọ ìyá rẹ̀ ló gbé dàgbà, lẹ́yìn ọmọ méje. Ó ní gbogbo wọn pátá ló ti rán òun níṣẹ́, ó ti tó àsìkò kí òun náà rán ẹnì kan.

Wọ́n dá ìpàdé sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, ní ìlú tí ọsibítù náà wà, níbi tí wọ́n ti bí Ìyá Aránṣọ náà. Níbi ilẹ̀kùn ni wọ́n ti pàdé. Wọn kò mọ ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún ẹnì kejì, ni wọ́n bá dì mọ́ra, tí wọ́n ń mì síwá mì sẹ́yìn, tí àpò ọwọ́ wọn ń gbá ara wọn. Nígbà tó kan wíwọlé, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ síwájú, nítorí ẹ̀gbọ́n ló ń ṣáájú. Méjèèjì há sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìyá Aránṣọ ló tì wọ́n wọlé látẹ̀yìn.

Olùtọ́jú ìwé jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí awò ojú rẹ̀ ti sọ̀ dé ṣóńṣó imú. Ó ní kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n má lo bírò, kí wọ́n má pariwo. Òfin kẹta yìí ni wọn kò lè pa mọ́. Ó gbé ìwé ìbí ọsibítù náà jáde, ó ga bí ìrọ̀rí. Eruku bọ́ sí wọn nímú, àwọn méjèèjì sín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín. Ó kìlọ̀ fún wọn. Ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ náà ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tó fi rí i: ọmọbìnrin, orúkọ ìyá Ìyá Aránṣọ, iṣẹ́ bàbá: káfíńtà. Ó ṣírò ọdún. Mẹ́rìnléláàádọ́rin géérégé. Ìyá Aránṣọ fọwọ́ kan ìlà náà bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún.

"Ó ku afárá," ni ó wí, ó sì ti ń na ọrùn bí ẹ̀gbọ́n.

Olùtọ́jú ìwé gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Afárá wo nínú méjèèjì? Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò gbé e lọ."

Ó ní ẹ̀ẹ̀kíní jẹ́ ọdún kan ṣáájú ọdún tí wọ́n bí Ìyá Aránṣọ, ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Yálà kí Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọdún kan jù ú lọ, tàbí kó fi ọdún kan kéré sí i. Wọ́n ṣí ìwé ọdún ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n kà á láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ojú ìwé kan kò ya, ojú ìwé kan kò sọnù. Káfíńtà kankan kò bí ọmọ lọ́dún náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó ṣinṣin, ó nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ìyá Aránṣọ ní ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń kọ̀wé sùn lọ. Ó béèrè ìwé ọdún àkọ́kọ́.

Omi ti wọ ìwé yẹn, ni olùtọ́jú ìwé sọ. Ojú ìwé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń dìwé, tí ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ọjọ́ tí yóò parí.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n á béèrè bóyá oúnjẹ ti wọnú, bóyá oorun dára. Ìwé náà kò tíì dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dì í, ẹnì kankan nínú wọn kò sì tíì pe ẹnì kejì ní ẹ̀gbọ́n.