Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Jọ Bẹ̀rẹ̀

Òórùn ọsàn tó ti pọ́n jù ni mo fi ń rántí Fìdítì. Tó o bá ti gba títì àtijọ́ yẹn lọ sí Ọ̀yọ́ rí lásìkò ọsàn, wàá mọ ohun tí mò ń wí: ọsàn níwájú ilé, ọsàn lẹ́yìnkùlé, eṣinṣin lórí gbogbo rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo máa ń bá ìyá mi jókòó tajà. Jókòó kẹ̀? Ta ló jókòó! Ṣe ni mò ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ọjà, tí mò ń ka ọ̀rọ̀ òyìnbó sórí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Mo ti yege ìdánwò ilé ìwé àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, ó ku kí bàbá mi gbà kí n lọ. Díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọn kì í sì í tètè yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ rán lọ, kò pé ọdún tó fi gboyún wálé. Látìgbà náà, bí mo bá ti la ẹnu, ohun kan náà ni bàbá mi á sọ: "Ọmọ ìyá kan náà ni yín. Ibi tí tẹ̀gbọ́n rẹ já sí, ibẹ̀ náà ni tìrẹ máa já sí." Ó dùn mí wọ egungun. Ọjọ́ ìwọlé ń sún mọ́lé, oorun ò kùn mí, mo sì rò pé ọkàn mi á bẹ́ tí mo bá jókòó lásán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jáwọ́ nínú ìwé. Tíṣà wa kan tó ń ti Ìlọrà wá ló kọ́ mi lọ́gbọ́n pé kí n kó àwọn ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà iwájú wọn bára mu jọ, kí n máa kọ́ wọn pọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ti oko dé, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ń bó ọsàn fún ọmọ rẹ̀. Èmi ń pariwo ìwé tèmi.

"Kí lò ń kà yẹn?" Bàbá mi ló bi mí.

"Promise, sà. Ìlérí ni."

"Òmíràn ńkọ́?"

"Progress. Ìtẹ̀síwájú."

"Òmíràn?"

Mi ò ronú kí n tó dáhùn. "Prodigal. Onínàákúnàá, bíi ti ọmọ inú Bíbélì yẹn."

Bàbá mi dáwọ́ ẹsẹ̀ fífọ̀ dúró. "Ṣé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìtumọ̀ kálukú."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Lọ di ẹrù rẹ. Ìwọ kì í ṣe òun."

Mo fò sókè! Mi ò tí ì balẹ̀ tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Bàbá, ọmọ onínàákúnàá yẹn, ṣebí bàbá rẹ̀ gbà á padà?"

Bàbá mi wọ yàrá wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ru àpótí mi dé etí títì lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà tí kò lè jókòó, ta ló fẹ́ kọ́? Mò ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Mo ti di tíṣà tipẹ́, síbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Kíákíá ni bàbá wa gbà pé ọ̀rọ̀ méjì lè jọ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má jọra. Ṣùgbọ́n pé èèyàn kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ báyìí kó sì parí lọ́tọ̀, ìyẹn ò tètè yé wọn. Kó tó yé wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.