Búrẹ́dì Tí Mi Ò Tì Bọ Kòkò

Eyín mẹ́ta wà lẹ́nu mi tí kì í ṣe tèmi. Dókítà eyín tò wọ́n mọ́ irin pẹlẹbẹ kan. Tí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń yọ wọ́n. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń fi wọ́n sẹ́nu padà. Títí di ọdún yìí, ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé eyín mẹ́ta yìí ló ba Iléyá èṣí jẹ́. Ohun tí mo sọ fún àwọn ẹbí lọ́jọ́ náà yàtọ̀ sí èyí.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ti kú fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀. Òkè òkun lọmọ náà wà, ilé oúnjẹ ńlá kan ló ti ń dáná. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìwé tó fi ń gbé lọ́hùn-ún kò tí ì pé, kò lè wálé wá sin ín. Ó tó ọdún mẹ́rin kó tó rí àyè wá, Iléyá èṣí ló sì bọ́ sí. Ó ní ilé tí bàbá òun kọ́ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ lòun fẹ́ kí gbogbo ẹbí ti jẹun, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ọdún. Oúnjẹ kan wà tó ti ń ṣèlérí rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù tipẹ́: wàrà òyìnbó tí wọ́n ń yọ́ lórí iná, tí gbogbo ilé á yí i ká, tí wọ́n á máa fi fọ́ọ̀kì ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Fọ́ndù ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

"Bàbá Ìgbẹ̀ìn," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí Ìgbẹ̀ìn ni mò ń gbé, "ẹ̀yin lẹ máa bá mi jẹ ẹ́ dípò Dádì mi o."

"Kí ló dé tí mi ò ní jẹ ẹ́? Ṣé májèlé ni?"

Ẹnu mi mú ṣáṣá nígbà yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo dé Òṣíẹ̀lẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù. Mo bá a ní kíṣìnnì, ó ń rin wàrà òyìnbó bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi tòun ti wàrà lọ́wọ́. Mo ní kí ni kí n bá a ṣe, ó ní kí n bá òun fún omi ọsàn wẹ́wẹ́.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ̀? Nínú wàrà?"

"Ọtí wáìnì ni wọ́n ń dà sí i lọ́hùn-ún, sà. Mi ò jẹ́ gbé ìyẹn wọ ilé Dádì mi. Omi ọsàn á ṣe iṣẹ́ tí ọtí ń ṣe."

Mo fún ọsàn mẹ́fà. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọsàn yẹn.

Ó fi aáyù ra inú kòkò, ó da omi ọsàn àti omi díẹ̀ sí i, ó wá ń bu wàrà náà sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó bí ẹni ń ro ògì, kò jẹ́ kó hó. Nínú kòkò kejì, ó fi mílíìkì yọ́ ṣokoléètì, ti àwọn tó máa ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ wàrà tán. Nígbà tó yá, ó gbé ṣíbí sókè. Wàrà náà bá a lọ sókè, ó fà gbọọrọ láti inú kòkò dé iwájú imú rẹ̀, kò já.

"Ó ti jinná, sà! Ẹ wò ó bó ṣe ń fà!"

Inú rẹ̀ dùn bíi tọmọ ọdún méje. Èmi ní tèmi, ahọ́n mi ti lọ ń tọ́ eyín mi wò. Ohun tó lè fà báyẹn, ṣé kò ní fa nǹkan mìíràn pẹ̀lú?

Àwọn ẹbí dé, a tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tọmọdé tàgbà. Ó gbé kòkò náà kalẹ̀ láàárín pálọ̀, ó tan àbẹ́là sábẹ́ rẹ̀ kó má baà tutù. Àbúrò mi obìnrin, Alájà wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Gbogbo wa yìí la máa da orí bo kòkò kan bí ewúrẹ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, ma. Ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ bá já bọ́ sínú kòkò máa jó fún wa."

"Àá, a jẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá mi máa jó lónìí!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀, èmi sì ni àgbà. Ọmọ yìí gún búrẹ́dì kan mọ́ fọ́ọ̀kì gígùn, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Bàbá Ìgbẹ̀ìn, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sà."

Mo ti pàdé ejò lóko wa ní Wásinmi rí, mi ò sá. Wàrà inú kòkò, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lẹ́nu, òun ló wá já mi láyà. Mo rí i lójú inú mi bí eyín mi ṣe máa bá okùn wàrà jáde, tí á máa fì dirodiro lórí kòkò níwájú àwọn ọmọ. "Eyín mi ò gbà á." Gbólóhùn kan péré ni. Mi ò lè sọ ọ́. Mo gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀, mo fajú ro bíi lèmọ́mù.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ọtí ni wọ́n fi ń se nǹkan yìí."

"Astagfirulai!" Alájà ti fa ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ọtí kẹ̀? Nínú ọdún Iléyá?"

Ọmọ náà kò wo Alájà. Èmi ló ń wò.

"Omi ọsàn ni, sà. Ẹ̀yin lẹ fún un."

"Ọsàn ni mo rí," mo ní. "Èyí tí mi ò rí ńkọ́?"

Ká ní wọ́n ń ra ọ̀rọ̀ padà ni, ìyẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ rà.

Kò sẹ́ni tó tì í bọ̀. Ọmọ kan na ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ṣokoléètì, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Àbẹ́là jó tán, wàrà náà dì gbagidi. Ọmọ àbúrò mi kò bá wa jiyàn. Ó gbé ìrẹsì àti ẹran àgbò jáde, ó bù fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwo méjì ni mo jẹ. Eyín mi kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú ìrẹsì.

Nígbà tí mò ń lọ, mo yọjú sí kíṣìnnì. Ó dá dúró, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń fi búrẹ́dì ha ìsàlẹ̀ kòkò jẹ. Ó yẹ kí n wọlé. Mo wúkọ́, mo ní ó dàbọ̀, mo sì lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ó padà sí òkè òkun. Ó ní kí wọ́n gbé kòkò náà fún mi, òun ò ní lò ó nílé mọ́.

Iléyá tọdún yìí, kò wá. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Mo ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, mo kó ẹbí jọ sí Ìgbẹ̀ìn, mo gbé kòkò náà kaná, mo ní kí ọmọ Alájà máa yà mí sí fóònù. Mo fún ọsàn. Mo rò ó, rò ó. Wàrà kọ̀, kò yọ́, ó kàn ń léfòó kiri bí ọṣẹ.

"Bọ̀ọ̀dá mi," Alájà ní, "ṣé aṣọ lẹ fẹ́ fọ̀ ni?"

Mo yọ eyín mi, mo gbé e sínú àwo níwájú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ń gba àlàfo ẹnu mi jáde bí afẹ́fẹ́. "Kò sí ọtí níbẹ̀ léṣìí. Èmi ni mo fún ọsàn yẹn. Eyín yìí ni mò ń bẹ̀rù fún. Mo parọ́ mọ́ ọmọ náà nínú ilé bàbá rẹ̀."

Alájà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́. Lẹ́yìn náà ó mú gèlè náà nílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sì jẹ́ kí n fa ọwọ́ ọmọ sẹ́yìn."

A fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò mi lókè òkun. Nírọ̀lẹ́ ó fi ohùn rẹ̀ dá mi lóhùn: "Mo ti rí i, Bàbá Ìgbẹ̀ìn. Wàrà Fúlàní kì í yọ́, sà. Ẹ kú ọdún."

Mo ti gbọ́ ohùn náà lágbọ́túngbọ́, mò ń wá ẹ̀rín nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá á wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kò tí ì fèsì. Mo ti fọ kòkò rẹ̀, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ra àbẹ́là tuntun sínú rẹ̀.