Màrìwò Lẹ́nu Géètì Wa

Nínú oṣù Kejìlá, Pọ́tákọ́ọ̀tù máa ń dá páropáro. Àwọn aládùúgbò á di ẹrù, wọ́n á gbé àpò ìrẹsì sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n á kọrí sí abúlé wọn. Àwa tí ilé wa jìnnà la ó kù nínú ọgbà, tí a ó máa wo ojú ara wa. Láyé ọdún 1999, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìdílé tiwa nìkan ni kì í tilẹ̀kùn lọ sílé nínú ilé tí a ti ń háyà, mo sì máa ń bínú sí gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà títí ọdún tuntun á fi wọlé.

Bàámi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tù mí nínú. Télọ̀ ni wọ́n, ọmọ Ọ̀ffà, Mùsùlùmí pọ́ńbélé. Kìrìsìtẹ́nì ni Màámi, wọn kì í sì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Síbẹ̀, Bàámi ló ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ọdún méjèèjì. Wọ́n á kó àjákù aṣọ àwọn oníbàárà jọ, wọ́n á gé e ní àsíá kéékèèké, wọ́n á rán an mọ́ okùn gígùn, wọ́n á sì ta okùn náà láti igun yàrá kan dé èkejì. Okùn kan náà tí a ta nígbà Iléyá la ó tún ta nígbà Kérésì. Bí àwọn ará mọ́ṣáláṣí bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, “Ọdún tó bá ti ní ìrẹsì nínú, tèmi ni.” Wọ́n á sì máa rán àsíá wọn lọ.

Bàámi kú lọ́dún 2004. Kí Kérésì ọdún náà tó dé, Màámi ti já okùn àsíá náà wálẹ̀, wọ́n sì ń fi àwọn aṣọ rẹ̀ nu ilẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọdún bá dé, a ó se ìrẹsì, a ó jẹ ẹ́, ó parí. Bí mo bá ní kí a ra ríbọ́ọ̀nù tàbí fèrè tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí, Màámi á bi mí pé ta ló fẹ́ wá wò ó.

Bàámi ti kọ́ ilé kékeré kan dé òrùlé ní Mgbuoba, àdúgbò kan ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, kí wọ́n tó kú. Díẹ̀díẹ̀ ni Màámi fi èrè aṣọ títà parí rẹ̀, a sì kó lọ síbẹ̀ nínú òjò ọdún 2007. Mo rò pé ìṣòro mi ti tán nìyẹn, nítorí àwọn Ìkwẹ́rẹ́ onílẹ̀ ló pọ̀ ládùúgbò náà, àwọn kì í sì í lọ abúlé kankan nígbà Kérésì. Abúlé wọn la wà! Ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù, kò sí ẹni tó yà kí wa. Pijin Màámi kò kọjá ti ọjà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń kí ìyá àgbà tó ń gbé ní òdìkejì títì pé, “Ẹ káàárọ̀, Mà.” Ìyá àgbà á kàn mi orí, wọ́n á sì máa gbá iwájú ilé wọn lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, àbúrò Bàámi ń pe Màámi lórí fóònù láti Ọ̀ffà. Wọ́n ti bá wa wá yàrá kan sílẹ̀. Wọ́n á ní, “Ilé làbọ̀ ìsinmi oko.” Nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, Màámi pè mí jókòó.

“Gbọ́ mi dáadáa. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti kí èèyàn, ẹrù la kàn gbé síbẹ̀. Bí ẹyọ ẹnì kan péré bá wọlé wá kí wa lọ́jọ́ Kérésì, a ó dúró. Bí kò bá sí, a ó ta ilé yìí lẹ́yìn ọdún tuntun, a ó sì lọ sí Ọ̀ffà.”

Ọ̀ffà kẹ̀! Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ ẹbí fi Yorùbá mi tó kún fún Pijin ṣe ẹ̀fẹ̀ títí mo fi panu mọ́. Pọ́tákọ́ọ̀tù ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi wà, ibẹ̀ ni sàréè Bàámi wà. N kò fẹ́ lọ rárá. Mo wá pinnu pé n óò ṣe ilé wa lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé kò ní sí ojú tó máa lè fò ó.

Kò sówó ríbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kúkúrú kan wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, mo mú àdá, mo lọ gé imọ̀ rẹ̀. Imọ̀ tó ti gbó, tó ní àwọ̀ ewé, la máa ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi olójú kòkòrò! Mo rí màrìwò, ọ̀dọ́ imọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín orí ọ̀pẹ, tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó ń dán. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi ewé lásán ṣe? Òun ni mo gé jọ, mo sì so ó mọ́ géètì.

Màámi jáde síta, wọ́n figbe ta. “Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé o fẹ́ sọ ilé bàbá rẹ di ojúbọ Ògún ni?”

“Màámi, ẹ tiẹ̀ wò ó ná. Ó rẹwà.”

Wọ́n wò ó. Wọ́n ní èyí tí mo so sórí géètì wọ́. Wọ́n wọlé lọ gbé àpótí, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tún un so. Wọ́n tún ya á wẹ́wẹ́ kí ó lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Láti ìgbà tí Bàámi ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ Màámi máa kan ọ̀ṣọ́ ọdún. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ Ọ̀ffà fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ Kérésì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì ti jinná, adìyẹ ti wà nínú ọbẹ̀. Màámi wé gèlè, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Èmi wà lójú fèrèsé. Àwọn ọmọdé ń lọ láti ilé dé ilé nínú aṣọ tuntun àti awò ojú aláràbarà, wọ́n ń gba bisikíìtì. Wọ́n dé iwájú géètì wa, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ sí òdìkejì títì. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa rí géètì, ó yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Mo ń sọ fún Màámi pé wọ́n ń bọ̀, pé ilé àwọn ẹbí wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà.

Nígbà tí oòrùn ti kúrò ní àtàrí, Màámi tú gèlè. Wọ́n dé ìkòkò ìrẹsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ orí tábìlì. “Ó tó,” ni wọ́n wí. Wọn kò tiẹ̀ bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo jáde pẹ̀lú ẹkún, mo fẹ́ lọ fa màrìwò òfo yẹn já. Bí mo ṣe ṣí géètì ni mo rí ìyá àgbà òdìkejì létí títì, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọn kò sún mọ́ mi.

“My pikin,” wọ́n pè mí, “who get matter with una for this house?”

“Nobody, Mama.”

“Then who tie omu for una gate?”

“Na we, Mama. Me and my mama.”

“Una? For wetin?”

“For Christmas. Make house fine.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé wọn, wọ́n rín títí wọ́n fi fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti là mí lóye. Màrìwò ni wọ́n ń pè ní omu. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí a bá so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tàbí ilẹ̀ kan, ẹjọ́ wà lórí ibẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí àwọn àgbà yóò fi yanjú rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọwọ́ ara wa la fi lé gbogbo àdúgbò sẹ́yìn géètì.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù. Gbogbo títì ti gbà pé àwọn ẹbí ọkọ ló fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ opó. Kí ìsìn Kérésì tó bẹ̀rẹ̀ ni ìyá àgbà ti fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí onílẹ̀, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ pé ẹni yòówù kó so omu náà, kó bá wọn pe ẹni náà kó wá tú u, kí wọ́n má lé obìnrin yìí kúrò nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

“Every morning she dey kneel down greet me,” ni wọ́n fèsì. “If dem pursue her, who go greet me like that again?”

Mo sáré wọlé, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Aṣọ tábìlì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún, ẹ̀rín sì bá ẹkún náà jáde. Ẹnì kan tí Màámi ń retí pé kó wọlé wá kí wa, ó ti jáde láti àárọ̀ nítorí wa, a kò sì mọ̀.

Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní fọwọ́ kan omu náà. “Na una tie am, na una go loose am.” Màámi tún gun àpótí, wọ́n tú u. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà fi tan ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo títì, pé kò sí ẹjọ́ kankan, ọ̀ṣọ́ ọdún àwọn Yorùbá ni! Ẹ̀rín sọ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ ya wọlé, àwọn ìyá wọn tẹ̀lé wọn, ọkùnrin tó yí padà lẹ́nu géètì náà padà wá. Ìrẹsì tán, adìyẹ tán, Màámi lọ dín dòdò.

Rumuibekwe ni mo ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa. Igi Kérésì oníke la ń gbé kalẹ̀, iná tó ń ṣẹ́jú wà lára rẹ̀, lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọmọ sì ní kí n ra yìnyín àtọwọ́dá inú agolo, nínú ooru Pọ́tákọ́ọ̀tù yìí! Mo rà á, mo sì bá wọn fín in. Bí Iléyá bá dé, iná kan náà la ń tàn, nítorí bàbá tó bí mi. Oṣù Kejìlá tí mo kórìíra tẹ́lẹ̀ ni mo ń fi ojú sọ́nà fún. Nígbà kan, mo rò pé kí ojú àwọn èèyàn lè mọ̀ wá la fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Báyìí, ọpẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń so ọ̀ṣọ́ náà. Ìyá àgbà ti lọ síbi tí àgbà ń rè, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí wọn lọ́dọọdún. Màámi ṣì wà ní Mgbuoba, àwọn aládùúgbò ṣì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀pẹ tẹ̀yìnkùlé ti ń retí wọn.

Ìrọ̀lẹ́ Kérésì ọdún 2007 yẹn ni mo máa ń rántí jù. Màámi gbé abọ́ dòdò tó kù sọdá títì, wọn kò sì padà. Fóònù wọn dún lórí tábìlì, àbúrò Bàámi ni. Wọ́n ní onílé ti Ọ̀ffà ń béèrè ọjọ́ tí a máa kó dé. Mo gbé fóònù náà sáré sọdá. Màámi àti ìyá àgbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, Màámi ti bọ́ bàtà sílẹ̀, àwọn méjèèjì ń jẹ nínú abọ́ kan náà, kálukú ń sọ èdè tirẹ̀. Màámi fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí nítorí òróró wà lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ ṣeun gan-an,” ni wọ́n wí fún àbúrò Bàámi. “Ẹ bá wa fi yàrá yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ má bínú, n kò lè pẹ́ lórí fóònù, ọdún là ń ṣe lọ́wọ́.”

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì sún lórí bẹ́ǹṣì kí n lè rí ibi jókòó.