Efinrin Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Wa

Ẹ má bínú sí mi o, orí mi ti ń jò bí agbọ̀n. Ìwọ̀nba tí mo bá rántí ni Àjọkẹ́, ọmọ ọmọ mi, máa kọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Mùlíká, ló ránṣẹ́ láti Bàrígà pé oúnjẹ ò wọ òun lẹ́nu mọ́, àfi kí wọ́n fi efinrin ẹ̀yìnkùlé ìyá wa se ọbẹ̀ fún òun. Efinrin wẹ́wẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbẹ ẹ́. Òun nìyá wa máa ń fi iyọ̀ gbo fún wa tí inú bá ń run wá. Ṣùgbọ́n mo ti ta ẹ̀yìnkùlé yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó rà á ti da kọnkéré bò ó. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo kúrò l'Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ̀rún méje náírà lowó ọkọ̀ dé Òjòtá, l'Ékòó. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yìn yẹn á fọ́ yín léegun." Ọ̀nà dán títí dé Ìbàdàn, síbẹ̀ mi ò tòògbé.

Ní Pedro, nítòsí Bàrígà, mo bá obìnrin kan tó ń ta ewé. Nílé wa, ta ní ń ra efinrin? Wàá kí aládùúgbò, wàá já a. Níbẹ̀, wọ́n ti fi okùn dì í, igba náírà ni ìdì kan. Efinrin ńlá nìkan ló ní, èyí táwọn ará Èkó fi ń se pẹpẹ súùpù, ọbẹ̀ olómi tó máa ń ta gan-an.

"Ìyá, ṣé kò sí wẹ́wẹ́?"

"Bàbá, ṣé ewé kọ́ lewé ni? Ẹ já a wẹ́wẹ́ nígbà náà!"

Mo rà á. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ò ríran mọ́. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn wọ Abúlé Òkúta, ní Bàrígà níbẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé.

"Àbúrò mi, ṣó o mú un wá?"

"Mo mú un wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìnkùlé ìyá wa ni mo ti já a."

Mùlíká, ọmọ rẹ̀, fi díẹ̀ se ọbẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó dúró. Ó ní kí wọ́n gbé ewé tó kù wá. Ó fọwọ́ ra á, ó gbé e símú.

"Ta lo tà á fún?"

Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jẹ ẹ́ mọ́. Ó na igi efinrin kan nínú ìdì náà sí mi.

"Lọ gbìn ín síbi tó kù fún ọ."

Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti padà dé Ọ̀yọ́. Inú báàfù tó sán ni mo gbìn ín sí. Ó ti ń rúwé. Mo ṣe bí ojú nìkan lèèyàn fi ń mọ ilé.

Àjọkẹ́, kà á sókè kí n gbọ́. Má fo ibi tí mo ti parọ́.