Ṣọ́ọ̀bù Alhájà Màsúdát Wọ Ẹ̀há

Kò sí ẹni tí Alhájà Màsúdát kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ní Òpópónà Táíwò. Láwàní àti híjáàbù ló ń tà. Àwọn aládùúgbò tó ta páálí bo dígí ṣọ́ọ̀bù wọn nítorí oòrùn, ọ̀bùn ló ń pè wọ́n. "Ẹ wò wọ́n," á ní, á yọ ṣùtì, "wọ́n ń tajà, wọ́n tún ń fọjà pamọ́."

Ọ̀rọ̀ ìfarapamọ́ ni kì í fẹ́ gbọ́ rárá. Nígbà tí Àáfà Qasim fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ẹbí ọkọ ní ẹlẹ́hàá ni yóò máa ṣe bíi ti ìyá ọkọ rẹ̀: inú ilé ni yóò máa wà, àjèjì kò ní í rí ojú rẹ̀. Màsúdát ní kí wọ́n wá ìyàwó mìíràn lọ. Qasim gbà fún un, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Dígí ńlá iwájú ṣọ́ọ̀bù ni Màsúdát fi ń dá gbogbo wọn lóhùn: kí ẹni tó ń kọjá rí aṣọ, kó sì rí òun náà.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ni ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí. Bí wọ́n bá ti kírun àílà tán, ibẹ̀ á gbóná bí ààrò, híjáàbù tó so sójú dígí sì ti ń ṣá. Ló bá ránṣẹ́ pe Hamzah tó máa ń lẹ tíǹtì, ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dígí nítorí oòrùn. Hamzah tú rọ́ọ̀lù méjì sílẹ̀, ọ̀kan mọ́ kedere, èkejì dúdú, ó ń dán. Ó ní méjèèjì ló ń dènà ooru.

"Èyí tí mo ń rí ọwọ́ mi nínú rẹ̀ yìí? Oòrùn wo ni yóò bá wí?" Màsúdát rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Dúdú yẹn ni kóo lẹ̀."

Nígbà tí Hamzah lẹ̀ ẹ́ tán, ó ní, "Alhájà, ẹ jáde wá wò ó níta."

"Kí n wá máa yáná oòrùn? Mo rí títì láti ibi tí mo jókòó sí."

Inú ṣọ́ọ̀bù tutù lóòótọ́. Àwọn obìnrin ń dúró síwájú dígí, wọ́n ń tún híjáàbù wọn ṣe, wọ́n ń yọ ẹran tó há sáàárín eyín, wọ́n sì ń lọ. Kò sẹ́ni tó wọlé. "Aláìlójútì," ni Màsúdát ń wí. Bẹ́ẹ̀, bí òun náà bá dé láàárọ̀, gèlè ara rẹ̀ ló ń wò nínú dígí yẹn, kò wo nǹkan mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí Qasim níta pẹ̀lú àáfà kan láti Òkè-Ọyì, tó fẹ́ ra láwàní wólímà àwọn ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹlẹ́hàá ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí," ni àáfà náà ń sọ. "Mi ò lè wọlé tọ̀ ọ́ láìsí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí tí mo ṣe wá pè yín nìyẹn."

Qasim wo dígí, irùngbọ̀n ara rẹ̀ ló rí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀há tí gbogbo ìdílé wa ò rí fi í sí, òun ló fowó ara rẹ̀ rà á!"

Nínú lọ́hùn-ún, Màsúdát gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tì í, inú sì bí i. Ó gbé àpótí ìjókòó àti láwàní, ó jáde.

"Ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú ibi tó tutù, Alhájà," ni àáfà Òkè-Ọyì wí.

"Ìta la ó ti nájà!"

Inú oòrùn gangan ló jókòó sí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń yọ ṣùtì sí i lábẹ́ páálí wọn. Kò wọlé títí wọ́n fi pe ìrun alásárì.