Àsúmáù Kọ́ Eṣinṣin Lédè Sípéènì

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọ̀rẹ́ mi Àsúmáù lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹni tó ń ta iṣu tàbí ẹja ní Rye Lane tí kò mọ ohùn rẹ̀. Àfi lọ́dún tó kọjá tí àyà rẹ̀ já. Sherifdeen, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ fẹ́ Yurani, ọmọ Kòlóńbíà. Nubia, ìyá Yurani, sì ń bọ̀ láti ìlú Cali wá wo àwọn àna rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

“Ṣebí Sherif máa translate fún ẹ,” ni mo wí.

Ó kanra mọ́ mi. “Ẹnu tèmi ńkọ́? Mo fẹ́ fúnra mi sọ fún un pé a máa tọ́jú ọmọ ẹ̀!”

Ló bá mú Marleny ní olùkọ́, ará Ẹ̀kúádọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe cleaning. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ Sípáníìṣì, èdè tí Nubia ń sọ. Èyí tó wọ Àsúmáù lára jù ni mosca, ìyẹn eṣinṣin. Àwọn èèyàn yẹn mọ eṣinṣin lò! Bí ojú ẹnìkan bá le, wọ́n á bi í pé eṣinṣin wo ló bù ú jẹ. Bí ẹnìkan bá ń ṣe jẹ́jẹ́ lójú ayé, tó ń ta ọgbọ́n lábẹ́lẹ̀, wọ́n á ní òkú eṣinṣin ni. Bí wọ́n bá sì mú nǹkan dání torí a ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní por si las moscas, bóyá eṣinṣin á dé. Àsúmáù tó ń gbé agboòrùn lọ mọ́sálásí lọ́jọ́ tí oòrùn mú, bóyá òjò á rọ̀! Ó ní ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ òun rí.

Ọjọ́ pé, a forí lé ilé Yurani ní Stockwell, Sherifdeen ti ṣáájú wa débẹ̀. Àsúmáù gbé kúlà ìrẹsì kan, ó gbé kúlà ẹran lé mi lọ́wọ́.

“Wọ́n ti ní àwọn máa cook now,” ni mo wí.

“Gbé e jàre. Por si las moscas.”

Nubia ló ṣílẹ̀kùn. Ìyá ọkọ dé iwájú ìyá ìyàwó, kí ló kù? Àsúmáù kúnlẹ̀ gbà-á. Nubia pariwo, ó rò pé òòyì ló kọ́ ọ, ó dì í lábíyá mú. Àsúmáù rò pé ìkúnlẹ̀ òun ò tó, ó tún tẹ̀ sí i. Ọ̀kan ń fà á sókè, èkejì ń fà sílẹ̀. Ẹ̀rín pa mí.

Nígbà tí Àsúmáù fi dìde, gbogbo Sípáníìṣì ti sá kúrò lórí rẹ̀. Omi lé sí i lójú, ẹ̀rín mi sì tán, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Nubia nawọ́ sí àwọn kúlà, ó béèrè nǹkan.

“Por si las moscas,” ni Àsúmáù wí wúyẹ́wúyẹ́.

Nubia wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó fà á wọ kíṣíìnì, ó ṣí báàgì ńlá kan: wàràkàṣì, búrẹ́dì, àwọn nǹkan dídì tó gbé láti Cali, bóyá oúnjẹ ò ní sí ní Lọ́ńdọ̀nù. “Por si las moscas!” lòun náà wí, ó gbáyà.

A jẹ tiwọn, wọ́n jẹ tiwa. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Nubia di Àsúmáù lọ́wọ́ mú, ó wo Yurani, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Sherifdeen la ẹnu láti túmọ̀.

“Pa ẹnu ẹ dé,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Mo gbọ́.” Ó yíjú sí àna rẹ̀. “Tu hija, mi hija.”

Ọmọ rẹ, ọmọ mi. Nubia bá kúnlẹ̀.